Fáàfù Ìdẹ̀kùn: Ohun Kékeré tí Ẹ̀mí Rọ̀ Mọ́

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ìpàdé Ẹgbẹ́ ní Ìjù)

Àwọn baba wa a máa wí pé, bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀mí ènìyàn sì ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Fáàfù kan ni, tí ó wà lára ẹ̀rọ tí a fi ń kun aláìsàn lóorun nígbà tí a bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un.

Kò sí ẹni tí ó wà níhìn-ín tí kò mọ iṣẹ́ olóòlà. Abẹ rẹ̀ a máa mú, ọwọ́ rẹ̀ a sì máa yá, nítorí pé ẹni tí ó ń kọ ní ilà kò sùn. Bí ọwọ́ bá pẹ́, ìrora a pọ̀ sí i. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀ fún. Ní ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù, oníṣẹ́ abẹ kan tí à ń pè ní Robert Liston di olókìkí nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ yá púpọ̀ nígbà tí ó bá ń gé ẹsẹ̀ aláìsàn. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1846 ni William Morton fi ether kun ọkùnrin kan lóorun lójú gbogbo ènìyàn ní ilé ìwòsàn ìlú Boston ní Amẹ́ríkà. Kí ọdún náà tó parí, ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá, Liston pẹ̀lú gé ẹsẹ̀ ẹnìkan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ẹni náà kò sì mọ̀ ọ́n lára. Ní 1847 James Simpson ní Edinburgh bẹ̀rẹ̀ sí lo chloroform. Nígbà tí ó sì di 1917, Henry Boyle ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù kó sílíńdà afẹ́fẹ́, ìgò oògùn àti àpò rọ́bà pọ̀ di ẹ̀rọ kan, orúkọ rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn sì fi ń pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ agbára afẹ́fẹ́ yẹ̀ wò ná, nítorí pé òun ni gbòǹgbò ọ̀ràn yìí. Àwọn onímọ̀ a máa fi gíga omi tí afẹ́fẹ́ lè gbé dúró nínú ọ̀pá gbọọrọ wọn agbára rẹ̀. Ọ́síjìn tí a dì sínú sílíńdà títí ó fi kún lágbára tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí ó fi lè gbé omi dúró tó nǹkan bí 1,400 mítà, èyíinì ni pé omi náà yóò ga ju orí Òkè Ìdànrè lọ. Ṣùgbọ́n ẹlẹgẹ́ ni ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ènìyàn. Àwọn akunilóorun kì í fẹ́ kí agbára tí wọ́n fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ kọjá 30 sẹ̀ǹtímítà omi. Bí ó bá ti kọjá 40, ewu ti dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì mọ ìwọ̀n tí à ń pè ní ìgbọ̀nwọ́ kan, láti ìgunpá dé orí ìka àárín, nǹkan bí 45 sẹ̀ǹtímítà. Ohun tí ó ga ju òkè Ìdànrè lọ ni ó ń ti inú sílíńdà bọ̀. Ohun tí kò tó ìgbọ̀nwọ́ kan ni ara lè gbà.

Àwọn ohun èlò kan ń bẹ lẹ́nu sílíńdà tí ń dín agbára náà kù, òmíràn sì ń wọn iye afẹ́fẹ́ tí ń kọjá. Lẹ́yìn èyí ni afẹ́fẹ́ àti oògùn dàpọ̀, tí wọ́n sì gba inú ọ̀pá rọ́bà lọ bá aláìsàn. Àpò rọ́bà kan so mọ́ ọ̀nà náà. Bí aláìsàn ti ń mí, bẹ́ẹ̀ ni àpò náà ń wú tí ó sì ń rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Bí kò bá lè mí fúnra rẹ̀, akunilóorun a máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: bí àpò bá gba lítà 2, tí lítà 6 sì ń wọlé ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú-àáyá 20 ti tó fún àpò tí ó ṣófo láti kún. Níbo ni èyí tí ó bá ṣẹ́ kù yóò gbà jáde? Ọ̀nà rẹ̀ ni fáàfù tí mo ń wí, tí mo sì dábàá pé kí a máa pè ní fáàfù ìdẹ̀kùn, nítorí pé òun ni ó ń mú ìdẹ̀kùn bá ẹ̀dọ̀fóró. Láyé àtijọ́, orúkọ Jay Heidbrink, ará Amẹ́ríkà, ni àwọn oníṣègùn fi ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí n ka àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ fún yín ní èdè wa. Èkíní ni ilé rẹ̀, nínú èyí tí ìjókòó wà, etí tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó yí ihò ká. Èkejì ni àwo pẹlẹbẹ tí ó fúyẹ́, tí ó jókòó lé ihò náà bí ọmọrí lórí ìkòkò. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń bẹ lára rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ó yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀kẹta ni sípíríǹgì tí ń tẹ àwo náà mọ́ ìjókòó rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ìdérí tí a ń yí bí ìdérí ìgò: bí a bá yí i wọlé, sípíríǹgì a sún jọ, a sì le, bí a bá yí i jáde, a dẹ̀. Ẹ̀karùn-ún ni òrùka rọ́bà, tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Nígbà tí aláìsàn bá ń mí fúnra rẹ̀, a ó ṣí fáàfù náà sílẹ̀, agbára tí ó tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà omi 1 péré yóò sì gbé àwo sókè. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí a ń ṣe lóde òní ní ààbò mìíràn: bí a tilẹ̀ yí i pa pátápátá, yóò ṣí fúnra rẹ̀ nígbà tí agbára bá dé nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà.

Ọ̀nà méjì ni fáàfù yìí lè gbà dani. Èémí aláìsàn a máa di omi lára àwo, omi náà sì lè mú un lẹ̀ mọ́ ìjókòó rẹ̀. Eruku ọyẹ́ lè dí i. Sípíríǹgì lè dípẹtà. Bí kò bá ṣí, àpò a wú, ẹ̀dọ̀fóró a wú, ẹ̀jẹ̀ tí ń padà bọ̀ sínú ọkàn a dínkù, ẹ̀dọ̀fóró sì lè bẹ́. Bí kò bá sì pa dé, afẹ́fẹ́ a tú dànù, àpò kò ní kún, akunilóorun kò sì ní rí ohun tí yóò fi mú aláìsàn mí. Nítorí náà ni a ṣe ń dán an wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. A ó pa á dé, a ó fi àtàǹpàkò dí ẹnu ọ̀pá, a ó jẹ́ kí agbára inú rẹ̀ dé 30, a ó sì wò ó bóyá yóò dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10. Lẹ́yìn náà a ó ṣí i, àpò yóò sì rọ̀. Àyẹ̀wò yìí kò gba àkókò, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀.

Ẹnìkan yóò béèrè pé, kí ni èyí kàn Ẹgbẹ́ wa? Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní 2011, Lora Perry àti Robert Malkin tẹ ìwádìí kan jáde lórí ohun èlò ilé ìwòsàn ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó, wọ́n sì rí i pé nínú 100, nǹkan bí 40 ni kò ṣiṣẹ́. Nínú ìdí rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí a kọ́ ní ìlò àti àtúnṣe wọn, kò sì sí ètò ìtọ́jú. Àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní òkè òkun a máa fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sílé, a sì ń yìn wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó dé láìní ìwé ìlò, láìní àwo àti òrùka rọ́bà tí a ó fi pààrọ̀ èyí tí ó bá gbó, ọjọ́ tí òrùka kan bá ya ni ó di ẹrù. Aṣọ ìyálò kì í yẹni. Bí kò fúnni lápá, a ṣò lẹ́sẹ̀. Rẹ́gí ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Àwọn mìíràn yóò wí pé, alágbẹ̀dẹ wa tí ó ń rọ ìbọn kò ha lè rọ sípíríǹgì? Èmi kì í ṣe ẹni tí ń kẹ́gàn ọwọ́ alágbẹ̀dẹ. Bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi yé: sípíríǹgì tí ó fi díẹ̀ le jù jọ èyí tí ó tọ́ lójú, ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ó sùn ni yóò kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ wọn. Ẹni tí ó bá gé sípíríǹgì kẹ̀kẹ́ sínú fáàfù yìí kò tún un ṣe. Ikú ni ó dẹ síbẹ̀. Ọgbọ́n ọwọ́ wa tó iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n kí ó tó lè ṣe é, ó ní láti kọ́ òṣùwọ̀n àti ìdánwò mọ́ ọn.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo gbé ka iwájú yín. Èkíní, kí Ẹgbẹ́ yìí kọ̀wé sí àwọn ọmọ Ìjù tí ń bẹ ní ìdálẹ̀ pé, ẹni tí yóò bá fi ẹ̀rọ ta ilé ìwòsàn lọ́rẹ, kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé ìwòsàn náà èyí tí wọ́n lè lò, kí ó sì fi ìwé ìlò àti ẹ̀yà fáàfù tí yóò tó lò fún ọdún mélòó kan sínú àpótí kan náà. Èkejì, kí a dá owó jọ láti rán ọmọ wa kan lọ kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ìwòsàn. Bí ó bá jẹ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ, inú mi yóò dùn jọjọ. Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1981 wà ní Àkúrẹ́ nítòsí wa yìí, Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn sì ti wà ní Oǹdó láti 2015. Ọ̀kan mọ irin, ọ̀kan mọ ara. Kí àwọn olóyè wa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ọwọ́ so ọwọ́ lórí ohun kékeré yìí. Ẹ̀kẹta, kí àwa olùkọ́ máa fi èdè wa kọ́ ọmọ ní orúkọ àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ. Ìjókòó, àwo, sípíríǹgì, ìdérí, òrùka: ọmọ tí ó bá fi èdè ìyá rẹ̀ mọ ohun kan kò ní bẹ̀rù àtitú u wò.

Ẹ̀yin ará, obìnrin tí a gbé dé ilé ìwòsàn lóru tí ọmọ há sí nínú kò ní béèrè ibi tí wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ náà. Ohun tí yóò fẹ́ ni pé kí òun sùn, kí òun sì jí, kí òun gbọ́ igbe ọmọ òun. Kí Olódùmarè jẹ́ kí a lè ṣe ipa tiwa.