ÀPÓTÍ BÁTÌRÌ: KÍ A DÁN AN WÒ KÍ A TÓ SANWÓ
(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá ìpàdé sọ, tí a tẹ̀ fún àwọn tí kò lè wá)

   

Ọ̀rọ̀ àpótí bátìrì ni a fẹ́ sọ. Gbogbo wa la ti rí i. Àpótí tí a ń fi ọwọ́ kan gbé ni, tó ní ihò tí a ń ki púlọ́ọ̀gù bọ̀, tó sì ní ojú kékeré kan tó ń sọ iye iná tó kù nínú rẹ̀. Òyìnbó ń pè é ní power station. Àwọn kan nínú yín ti sọ ọ́ ní "NEPA àgbélọ́wọ́", orúkọ náà sì pa wá lẹ́rìn-ín.

Arákùnrin kan ló wá bá àwa ìgbìmọ̀ pé kí ẹgbẹ́ gba ìdajì owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́, kí a kó o fún òun, òun yóò sì kó ọjà dé. Ẹ ti ń kọ orúkọ. Àwọn kan tiẹ̀ ti ní kí a fi owó àjọ wọn sí i. A ní kí arákùnrin náà dúró ná. Láti ìgbà yẹn la ti ń gbọ́ ọ pé ìgbìmọ̀ kò fẹ́ kí ọjà mọ́lẹ̀, pé a ti gba ẹ̀yìn lọ́wọ́ àwọn tó ń ta bẹntiróòlù. Ẹ gbọ́, kò sí ẹni tó fún wa ní kọ́bọ̀. Owó yín ni a kò fẹ́ kó wọ igbó. Ohun tí a ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan yìí ni a fẹ́ ròyìn rẹ̀.

Ohun tó mú ká fẹ́ àpótí náà kò ṣẹ̀yìn epo. Kí ó tó di ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà bẹntiróòlù kan kò tíì pé 200 náírà ní ojú owó ìjọba. Ọjọ́ yẹn ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí oṣù náà tó parí, ó ti di nǹkan bí 500. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Ọdún 2024 yìí kan náà ni iná ìjọba já lulẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ nítorí gílóòbù mẹ́ta àti fáànù kan, ńṣe ló dà bí ẹni tó háyà ọkọ̀ akẹ́rù kó lè gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátò kan lọ sí Ìkìrun. Ariwo rẹ̀ ńkọ́? Èéfín rẹ̀ ńkọ́? Májèlé wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tí kò ní òórùn rárá, bí a bá tan án sínú ṣọ́ọ̀bù tí a sé, ó lè pa ènìyàn lójú oorun. Nítorí náà a kò bá àpótí bátìrì jà. Ó dára. Èyí tó jẹ́ òtítọ́ ni a ń wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ nọ́ńbà méjì tó máa ń wà lára rẹ̀. Ọ̀kan ni wọ́n ń fi W kọ, ìyẹn wátì. Èkejì ni Wh, ìyẹn wátì pẹ̀lú wákàtí. Ẹ fi kẹ́ẹ̀gì omi wò ó. Wh ni bí kẹ́ẹ̀gì ṣe tóbi tó. W ni bí ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, iye omi tó lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan. Kẹ́ẹ̀gì lè tóbi kí ẹnu rẹ̀ há. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á pé "mélòó ni?" tó dáhùn nọ́ńbà kan ṣoṣo, ẹ bi í pé èwo nínú méjèèjì ló ń sọ.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní ọ̀kan tí ọmọ rẹ̀ rà fún un, a sì yá a. 300 Wh ni wọ́n kọ sí i lára. A fi iná gbà á títí ojú rẹ̀ fi fi 100 hàn. A wá ra gílóòbù márùn-ún tí wọ́n kọ 10 wátì sí lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 50 wátì, a sì tàn wọ́n lórí àpótí náà ní agogo méjìlá ọ̀sán gan-an. A jókòó tì í, a ń kọ ọ́ sínú ìwé ní wákàtí wákàtí. Ó kú ní agogo márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. 50 ní ọ̀nà wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 260. Ẹnìkan nínú wa ní "Wọ́n ti jí 40 níbẹ̀!" Rárá o. Iná inú bátìrì kì í ṣe irú iná tí gílóòbù wa ń lò, ẹ̀rọ kan wà nínú àpótí tó ń yí i padà, òun náà sì ń jẹun lára rẹ̀. Alágbàṣe kì í lọ oúnjẹ fúnni kó má tọ́ ọ wò. Àpótí tó bá fún wa ní nǹkan bí 85 nínú 100 ohun tí wọ́n kọ, olóòótọ́ ni.

Lẹ́yìn náà ni a gba ọ̀kan lára èyí tí arákùnrin yẹn fẹ́ kó wá. 500 ni wọ́n kọ gàdàgbà sí i lára. Gílóòbù márùn-ún kan náà. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún ni ó lò. Ìyẹn jẹ́ 120, kò tó ìdá mẹ́ta ohun tí wọ́n kọ. Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé ojú rẹ̀ ṣì ń fi hàn pé ó ku 60 nínú 100 nígbà tó kú lójijì. Arákùnrin náà ní bóyá kò gba iná dáadáa ni. A tún gbà á lójú òun fúnra rẹ̀, títí ó fi kún, a sì tún tàn án. Ọ̀kan náà ni. Kò sọ̀rọ̀ mọ́. A kò sọ pé olè ni, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti rẹ́ òun náà jẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kó owó lélẹ̀ ni, ta ni à bá mú?

Wọ́n tún ní ẹ̀tàn kan tí wọ́n ń fi nọ́ńbà ńlá ṣe. Ẹ ó rí i tí wọ́n kọ 80,000 mAh, ojú yín yóò sì là gbòò. Ẹ ní kí ọmọ ilé ìwé tó wà nílé mú fóònù, kó sọ nọ́ńbà yẹn di ọ̀nà 3.7, kó wá pín in sí ọ̀nà 1,000. Ohun tó kù ni Wh. 80,000 di 296 péré. Bátìrì àgbélọ́wọ́ 20,000 tí a fi ń gba iná sí fóònù jẹ́ 74. Nọ́ńbà náà kì í ṣe irọ́, àmọ́ ó dà bí kí ènìyàn máa ka gààrí ní hóró hóró.

Ó wá ku kí a mọ iṣẹ́ tó lè ṣe, nítorí ibẹ̀ ni ìjà yóò ti bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Ẹ̀yin ọlọ́jà alẹ́, tiyín ló rọrùn jù. Gílóòbù 5 wátì mẹ́ta jẹ́ 15 wátì. Àpótí tó fún wa ní 260 yẹn yóò gbé e fún wákàtí mẹ́tàdínlógún ó lé díẹ̀. Bí ẹ bá ń tan wákàtí mẹ́rin lálẹ́, ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn kí ẹ tó tún gbà á. Ẹ̀yin tó ń ṣe POS àti ẹ̀yin tó ń gba iná sí fóònù aráàlú, fóònù bíi méjìlá ni yóò kún kó tó tán. Fáànù onídùúró tó ń jẹ 60 wátì, wákàtí mẹ́rin ó lé díẹ̀. Ẹ̀rọ ìgẹrun àwọn ọmọ wa, kò ní ìṣòro. Ẹ̀yin aránṣọ, mọ́tò ẹ̀rọ ìránṣọ yín kò tóbi, yóò gbé e, ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù rárá! Áyọ́ọ̀nù iná lè jẹ 1,000 wátì, ẹ̀rọ ìgbẹrun àwọn onídìrí náà bẹ́ẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti ń gbóná ni ẹ yọ kúrò. Áyọ́ọ̀nù eléèédú wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ọlọ́tà, ẹ má tiẹ̀ wò ó.

Ẹ̀yin ẹlẹ́ja, ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí ẹ̀yin lẹ pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ orúkọ. Ẹja tí ẹ ń kó láti adágún tí wọ́n sé lórí Odò Ọtìn, a mọ̀ pé bí iná bá lọ ní alẹ́ kan, owó ọ̀sẹ̀ lè di ẹja sísun ní ìdajì owó. Fírísà kékeré tí wọ́n kọ 100 wátì sí, ènìyàn yóò rò pé àpótí tó lè tú 300 jáde yóò gbé e. A gbìyànjú rẹ̀. Àpótí náà han gooro, ó sì pa ara rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé bí fírísà bá fẹ́ gbéra, iná tó ń fà ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn pọ̀ ní ìlọ́po lọ́nà púpọ̀ ju èyí tó ń jẹ tó bá ti ń lọ. Ẹni tó bá ti ru igbá rí mọ̀ ọ́n: gbígbé e láti ilẹ̀ dé orí ló le, tó bá ti dé orí tán, ìrìn ló kù. Àpótí tó lè gbé fírísà wà, ṣùgbọ́n ó tóbi, ó wúwo, owó rẹ̀ kì í ṣe owó tí ènìyàn kan ń fi èrè ẹja san. Ọ̀rọ̀ fírísà, ohun tí a lè jọ ṣe papọ̀ ni. Ní ọjà Sabon Gari ní Kano, lábẹ́ ètò àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní REA, iná ṣólà ti wọ ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Irú ìyẹn ni ìgbìmọ̀ fẹ́ kọ lẹ́tà lé lórí. Nítorí náà, ẹlẹ́ja tó bá tìtorí fírísà kọ orúkọ, a bẹ̀ yín, ẹ yọ orúkọ yín.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lókè òkun, ẹ má sọ pé kí wọ́n rà á ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Iná tiwọn jẹ́ 120 volt, tiwa jẹ́ 230. Àpótí tí wọ́n ṣe fún ilé wọn kò ní bá fáànù wa mu. Wọn kò tiẹ̀ ní jẹ́ kí ó wọ ọkọ̀ òfuurufú: bátìrì tó bá ju 160 Wh lọ, èrò kò gbọdọ̀ gbé e wọlé. Kí alálàjì tó ń lọ sí Mẹ́kà náà mọ èyí.

Bátìrì inú rẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí wọ́n kọ LiFePO4 sí lára ni kí ẹ máa béèrè. Ó wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í tètè gbiná bíi ti èkejì, ó sì lè gba iná ju ìgbà 2,000 lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Ilé ìwádìí John Goodenough ní Texas ni wọ́n ti rí ọgbọ́n rẹ̀ ní ọdún 1990 sí 1999, wọ́n sì fún bàbá náà ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2019 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí bátìrì, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 97. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ẹ ti dàgbà jù láti kọ́ nọ́ńbà, ẹ gbọ́ o.

Nípa gbígba iná sí i, àpótí 300 kì í jẹ tó ìdajì yúníìtì kan kó tó kún. Band A tó wọ́n jù, 225 náírà ni wọ́n fi yúníìtì rẹ̀ sí ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Lójú owó yẹn pàápàá, kíkún rẹ̀ kò tó 100 náírà. Kí ẹni tó ń gba iná sí i fún ènìyàn má wá bu 1,000 lé e o! Bí ó bá jẹ́ ṣólà ni, pátákó 100 wátì yóò gbà á kún ní wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà nígbà tí oòrùn bá mú. Nígbà òjò kò ní rí bẹ́ẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa nu eruku ojú pátákó. Pátákó ni kó wà nínú oòrùn, kí àpótí wà níbòòji, nítorí ooru ń pa bátìrì ju iṣẹ́ lọ.

Ẹ má gbà á sí abẹ́ aṣọ tàbí lẹ́bàá kẹrosíìnì. Ẹ má fi sílẹ̀ lórí iná nínú ṣọ́ọ̀bù tí a ti tì lóru. Bí ara rẹ̀ bá wú, tàbí ó ń rùn, ẹ gbé e síta, kí ẹnikẹ́ni má tú u.

Ohun tí ìgbìmọ̀ wá pinnu nìyí, ẹ ó sì dìbò lé e lórí ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹgbẹ́ kò ní san owó sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ tà fún wa yóò kó o wá, a ó tan gílóòbù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe orí ọ̀kan tó bá yàn fún wa. Èyí tó bá dé 80 nínú 100 ohun tí wọ́n kọ, a ó san owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èyí tí kò bá dé ibẹ̀, kó gbé e lọ. Yóò sì kọ ìwé pé bí ó bá bàjẹ́ láàárín ọdún kan, òun yóò pààrọ̀ rẹ̀. A ti sọ èyí fún arákùnrin náà. Ó ní òun yóò ronú sí i.

Gílóòbù márùn-ún yẹn àti ìwé tí a kọ ọ́ sí wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹni tó bá fẹ́ dá rà tirẹ̀ níbòmíràn lè wá yá wọn láti fi dán an wò. A kò ní gba owó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọ́ gílóòbù yóò rà á padà.