Owó Pàjáwìrì fún Onírìn-àjò

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí sọ ní Jakande Estate, Ìsọlọ̀)



Ní ọdún 1324, Mansa Musa, ọba ilẹ̀ Mali, gba ìlú Káírò kọjá lọ sí Mẹ́kà. Wúrà tí ó kó dání pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí iye wúrà fi wálẹ̀ lọ́jà Káírò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń padà bọ̀, owó tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yá owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Íjíbítì, wọ́n sì bu èrè gọbọi lé e. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ọba oníwúrà, kí ni ti ọmọ Ìsọlọ̀ tí ó fi owó àjọ ra tíkẹ́ẹ̀tì?

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ń lọ sí Hajj, sí ẹ̀kọ́ àti sí òwò lẹ́yìn odi. Àdúrà ni a fi ń sìn wọ́n, ó dára. Ṣùgbọ́n ètò owó ńkọ́? Nínú Súrà kejì, ẹsẹ 197, Ọlọ́run Ọba pàṣẹ ìpèsè fún ẹni tí ó ń lọ sí Hajj. Ìpèsè kò tako ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́run.

Èkíní, kí onírìn-àjò má ṣe kó gbogbo owó rẹ̀ sójú kan. Bí olè bá gbé àpò, kí ìyókù wà níbòmíràn.

Èkejì, kí ó bi báǹkì rẹ̀ léèrè kí ó tó lọ. Ní ìparí ọdún 2022, ọ̀pọ̀ báǹkì Nàìjíríà dá lílo káàdì náírà lẹ́yìn odi dúró. Ní 2025 ni àwọn kan tún bẹ̀rẹ̀. Kí ó kọ nọ́ńbà báǹkì sínú ìwé, kí ó lè ti káàdì pa kíákíá bí ó bá sọnù.

Ẹ̀kẹta, kí ó mọ ẹni tí yóò fi owó ránṣẹ́ sí i. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, owó tí ń wọlé nìkan ni Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ afowóránṣẹ́ bí Western Union máa bójú tó níhìn-ín. Nítorí náà, ìbátan tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà lè wúlò ju bàbá tí ó wà ní Ìsọlọ̀ lọ.

Ẹ̀kẹrin, láìsí ìwé ìdánimọ̀, kò sí ẹni tí yóò ka owó náà fún un. Kí ó ní ẹ̀dà ìwé ìrìnnà rẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ojúlówó bá sọnù, kí ó fi tó ọlọ́pàá létí, kí ó sì lọ sí ọ́fíìsì aṣojú Nàìjíríà. Ní Saudi Arabia, ó wà ní Riyadh àti Jeddah. Wọ́n lè fún un ní ìwé tí yóò fi padà sílé.

Ẹ̀yin ará, ẹni tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ nílẹ̀ àjèjì ni olówó èlé ń dọdẹ. Ọlọ́run ti ṣílẹ̀kùn mìíràn: nínú Súrà kẹsàn-án, ẹsẹ 60, onírìn-àjò wà lára àwọn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí. Àwọn onímọ̀ sọ pé bí ó tilẹ̀ ní ohun ìní nílé, bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá ti tó o, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Kí onítìjú má ṣe kú síta; kí ó lọ bá àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀. Kí àwa tí a wà nílé sì dá àpò kékeré sílẹ̀, láti yá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lówó láìgba èlé.

Kí Ọlọ́run Ọba mú gbogbo onírìn-àjò padà sílé láyọ̀. Àmín.