Ẹ Má Jẹ́ Kí Ọbẹ̀ Adìẹ Sùn Sórí Eérú

Ẹ̀yin ìyá wa ní Zongo, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà ní Arzèkè, ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ la fẹ́ sọ lónìí, ọbẹ̀ adìẹ tí à ń rọra sè lórí èédú.

Àgbébọ̀ adìẹ kì í rọ̀ bọ̀rọ̀. Ẹran rẹ̀ yi, àmọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ ló ń dùn jù. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀sọ̀ yàtọ̀ sí ìgbàgbé o. Ọbẹ̀ tó ń hó díẹ̀díẹ̀ dára. Èyí tó lọ́wọ́ọ́wọ́ lórí èédú tó ti ń kú, ewu ni.

Èmi náà ti ṣe é rí. Mo gbé ọbẹ̀ kaná ní kùtùkùtù, ó hó, mo bu eérú bo èédú, mo gba ọjà lọ. Nígbà tí mo dé lálẹ́, ọbẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́, òórùn rẹ̀ sì ń ta sánsán. Mo bù ú fáwọn ọmọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, inú ti ń run wọ́n, wọ́n ń ya ìgbẹ́ gbuuru.

Ẹ ó ní, ṣebí ó ti hó láàárọ̀? Ó hó. Ṣùgbọ́n kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú ẹran tó máa ń fara pamọ́ bí irúgbìn inú èèpo líle. Híhó kì í pa á. Bí ìkòkò bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́, á jí, á máa pọ̀ sí i. Òmíràn ń tu májèlé sínú oúnjẹ, kódà bí a tún un sè, májèlé yẹn kì í lọ. Imú wa ò lè gbọ́ ìyẹn.

Àwọn ọmọ wa ní òkè òkun ní ìkòkò oníná mànàmáná tó ń rọra se ẹran láti àárọ̀ dalẹ́. Iná tiẹ̀ kì í kú. Èédú tiwa ń kú, ó fẹ́ ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ.

Torí náà, ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí:

Bó bá jẹ́ adìẹ oníyìnyín, ẹ jẹ́ kó yọ́ tán nínú omi tútù. Ọ̀bẹ àti pákó tí ẹ fi gé e, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n kí ẹ tó fi gé ohun míì.

Ẹ fi iná tó le bẹ̀rẹ̀. Ẹ da àlùbọ́sà, atalẹ̀ àti iyọ̀ sí ẹran, kó hó dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ díẹ̀ nínú èédú, ẹ dé ìkòkò, kó máa hó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta. Bí ẹran bá rọ̀, ẹ da ata, tòmátì àti òróró ẹ̀pà sí i, kó jinná. Bí kò bá sẹ́ni tí yóò dúró tì í, ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́ kí ẹ tó gbé e kaná.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní oúnjẹ sísè kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ju wákàtí 2 lọ. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ pín in sínú abọ́ kéékèèké, ẹ gbé wọn sínú omi tútù kí ó tètè tutù, kí ẹ tó kó o sínú fíríìjì. Ẹni tí kò ní fíríìjì, kó se ìwọ̀n tí ilé yóò jẹ tán, kó bu ìyókù fún ará ilé kejì.

Ẹ dákun, nígbà ọyẹ́, ẹ má gbé àdògán wọ yàrá nítorí kí ọbẹ̀ má baà tutù. Èéfín tí a kò rí ń pa èèyàn lójú oorun.

Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ po àpò SRO kan sínú lítà 1 omi tó mọ́, kí ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá jìn sínú tàbí tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn ni, ẹ má dúró.

Iyán yín á dùn jẹ lálẹ́ o. Ọlọ́run á wo àwọn ọmọ fún wa.