Láti Ilé-Ìwé Abúlé Dé Yunifásítì Ìbàdàn

Mo dúpẹ́ pé ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ọmọ ilé-ìwé kékeré ṣe lè wọ yunifásítì ńlá.

Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé girama abúlé kan ní Ìpínlẹ̀ Niger níbí. Àwa olùkọ́ kò pé mẹ́wàá. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Ìbàdàn. Èmi ni mo yan iṣẹ́ tí yóò fi ṣe ìdánwò JAMB fún un: èdè Gẹ̀ẹ́sì, Physics, Chemistry àti ìṣirò. Ó gba máàkì tó ju 280 lọ nínú 400. A yọ̀, a jó. Àṣé Biology ló yẹ kó wà níbi tí mo fi ìṣirò sí! Wọn kò gbà á. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ. Ó wọlé lọ́dún kejì, ṣùgbọ́n ọdún kan ti ṣòfò.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ọmọ abúlé ní ọpọlọ. Ìmọ̀ràn tó péye ni kì í tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi nǹkan mẹ́rin yìí sọ́kàn.

Èkíní, ẹ wo ìwé ìtọ́nisọ́nà JAMB fúnra yín kí ọmọ tó yan iṣẹ́. Ẹ má fi ti olùkọ́ nìkan ṣe.

Èkejì, ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Ìbàdàn gbọ́dọ̀ fi í ṣe yunifásítì àkọ́kọ́ tí ó yàn, kí máàkì rẹ̀ má sì dín ní 200, kí wọ́n tó lè pè é fún ìdánwò tiwọn.

Ẹ̀kẹta, láti ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ń ṣe ìdánwò JAMB. Ìbéèrè 180 ni, wákàtí 2 péré. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí yóò máa wá lẹ́tà kiri nígbà tí àkókò ń lọ.

Ẹ̀kẹrin, orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí NIN gbọ́dọ̀ bá ti WAEC mu. Bákan náà, àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ máa ń ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí wọn ká. Ìpínlẹ̀ tí bàbá ọmọ ti wá ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ibi tí a bí i sí. Nítorí náà, ọmọ Ọ̀yọ́ tí a bí sí Minna ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ tètè lọ gba ìwé-ẹ̀rí ọmọ bíbí ìlú ní ìjọba ìbílẹ̀ yín nílé.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ wa kò pọ̀: kọ̀ǹpútà mélòó kan nínú gbọ̀ngàn yìí, àti ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ní ọjọ́ Sátidé. Èmi fúnra mi yóò máa wá. Mo jẹ ọmọ kan ní gbèsè ọdún kan.

Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Ọlọ́run yóò bá wa tọ́ wọn.