Ẹ̀jẹ̀ Ríru àti Ìgbáralé Ọlọ́hun

 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú Ìsìláàmù, bí àwa aáfàá bá ń sọ̀rọ̀ ọkàn, ìgbàgbọ́ àti ìlara ni a sábà ń bá yín sọ. Lónìí, ọkàn tí ó jẹ́ ẹran ara, tí ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri tọ̀sán-tòru, ni mo ní lọ́kàn.

Ní Ọ̀rà wa níhìn-ín, bí ẹni tí ó jí pépé bá ṣubú lójijì, wọn a ní ayé ni. Wọn a lọ gba tírà fún àwọn tí ó kù, ẹbọ sì ni ìyẹn. Ta ní ń béèrè ìgbà tí a yẹ olóògbé wò gbẹ̀yìn bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládípọ̀ Akínkùgbé, ọmọ Oǹdó, tí ó ṣiṣẹ́ ní UCH Ìbàdàn, tí ó sì kú ní 2020, fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí àrùn yìí. Ìgbìmọ̀ tí ó darí fún ìjọba àpapọ̀ jábọ̀ ní 1997 pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó ti pé ọdún 15, tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, lé ní mílíọ̀nù 4. 160/95 ni òṣùwọ̀n wọn. 140/90 ni ọ̀pọ̀ dókítà ń lò báyìí, iye náà ìbá sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tí ó ní in lè roko títí di alẹ́ láìmọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n ọkàn ń ṣe iṣẹ́ àṣekúdórógbó. Ẹran rẹ̀ a nípọn, lẹ́yìn náà a rẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ a wú, èémí a há. Ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó lè fa rọpárọsẹ̀. Kí ó má baà dé ibẹ̀ ni dókítà ọkàn ṣe ń ní kí a dín iyọ̀ àti màgí kù, kí a jáwọ́ nínú sìgá, kí a sì máa lo oògùn lójoojúmọ́.

Oògùn yìí ni ọ̀pọ̀ wa ń pa tì. Bí ara bá ti fúyẹ́, wọn a ní àdúà ti tó. Ànọ́bì wa pàṣẹ pé kí a wá ìwòsàn. Àgbẹ̀ Ọ̀rà wo ni ó gbin iṣu, tí ó ní àdúà ni yóò bá òun ro ó?

Ní ti Ramadan, ẹ má fúnra yín dá oògùn dúró. Ẹ lọ bá dókítà kí oṣù tó lé; oògùn púpọ̀ ṣeé lò ní sààrì tàbí lẹ́yìn ìṣínu. Ẹni tí ààwẹ̀ yóò pa lára, Kùránì ti fún un láyè láti san án padà bí ara bá yá; ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò ní í lọ, kí ó bọ́ tálákà.