Owó Ìjọba àti Ilé-Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọwọ́ Aládàáni

Ẹ̀yin ará wa létí òkun, láti Igbókòdá dé Ayétòrò, láti Máhìn dé Ùgbò, ẹ kú ewu omi. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kan gbogbo òbí tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ kọ́ṣẹ́, ó sì kan ọmọ náà pẹ̀lú. Bí ẹnì kan bá dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣé ó yẹ kí ìjọba fi owó ràn án lọ́wọ́? Bí ó bá sì yẹ, ojú ta ni yóò máa tẹ̀lé owó náà?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1947, àwọn onígbàgbọ́ kan láàárín àwọn Ìlàjẹ kó ara wọn jọ, wọ́n sì tẹ Ayétòrò dó sétí òkun. Àpò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń kó owó sí, láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ, tí wọ́n sì ti ń wọ aṣọ. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n hun aṣọ, wọ́n ṣe bàtà, wọ́n sì tan iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ṣì ń lo àtùpà. Inú àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí ni àwọn ọmọ wọn ti kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ìlú ló ni owó, ìlú náà ló sì ń wo iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n fi àpò kan ṣoṣo yẹn sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960, tí oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà rẹ̀yìn. Ọ̀mọ̀wé Stanley R. Barrett kọ ìwé lórí bí ìlú náà ti dìde àti bí ó ti rọ̀, ìwé náà jáde ní 1977. Lẹ́yìn náà ni òkun tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ wọn, tó ń gbé ilé lọ.

Lónìí ńkọ́? Bí òbí bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kọ́ àtúnṣe ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ wẹ́dà, aṣọ rírán tàbí kọ̀ǹpútà, ọ̀dọ̀ aládàáni ni ó sáà máa ń mú un lọ. Mo ní ọmọkùnrin kan tí mo kọ́ rí, ọmọ apẹja ni. Bàbá rẹ̀ ta ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ kí ó lè san owó ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Ọdún méjì ni ọmọ náà lò níbẹ̀. Ojú pátákó ni wọ́n ti ń fi ẹfun ya ẹ́ńjìnnì fún wọn; ọ̀kan ṣoṣo tí ó wà nílẹ̀ kò dún rí lójú wọn. Nígbà tí ọmọ náà gbé ìwé-ẹ̀rí lọ wáṣẹ́, ọ̀gá ibẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ta ló mọ ìwé yìí?" Bàbá náà ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ títí di òní. Mo bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni wá bẹ ilé-ẹ̀kọ́ náà wò rí. Wọ́n ní àwọn kan wá lẹ́ẹ̀kan. Èbúté ni wọ́n dúró sí, wọ́n fọwọ́ sí ìwé, wọ́n sì padà.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, "Aládàáni ni, kí ó gbọ́ bùkátà ara rẹ̀." Òótọ́ ni pé aládàáni ló ni ilé, ṣùgbọ́n gbogbo wa la ni ọmọ. Irinṣẹ́ sì wọ́n. Bí ó bá jẹ́ owó àwọn ọmọ apẹja nìkan ni ilé-ẹ̀kọ́ fi máa ra ẹ́ńjìnnì ìkọ́ṣẹ́, yálà kí owó ilé-ẹ̀kọ́ ga kọjá agbára wọn, tàbí kí a máa ya ẹ́ńjìnnì sójú pátákó.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Lábẹ́ òfin ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 1887, ìjọba ń fún ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì ní owó ìrànwọ́, apá kan owó náà sì ń tẹ̀lé bí àwọn ọmọ bá ti ṣe nínú ìdánwò. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí irú ètò bẹ́ẹ̀ lè mú wá: olùkọ́ á máa kọ́ ọmọ ní àkọ́sórí nítorí owó. Ní 1916, lábẹ́ Lugard, wọ́n yí òṣùwọ̀n náà padà. Nínú 100, wọ́n fi 30 sí ìwà àti ètò inú ilé-ìwé, 20 sí bí olùkọ́ bá ti tó tí wọ́n sì yẹ, 40 sí ìdánwò àti ìtẹ̀síwájú àwọn ọmọ, àti 10 sí ilé, ohun èlò àti ìmọ́tótó. Òfin 1926 ní tirẹ̀ sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ilé-ìwé láìgba àṣẹ, olùkọ́ sì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀.

Mo fara mọ́ òṣùwọ̀n 1916 yẹn, àfi ẹyọ kan. Fún ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, 10 kéré jù fún ohun èlò. Ọmọ lè kọ́ ìtàn lábẹ́ igi. Kò lè kọ́ ẹ́ńjìnnì láìfọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì.

Ní ayé tiwa, àjọ tí a ń pè ní NBTE, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1977, ló ń yẹ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ wò, títí kan ti aládàáni. Ní 2025 ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọwọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ níbi tí wọ́n fọwọ́ sí, tí ó sì ń gba N22,500 lóṣù. Ètò tó dára ni. Ṣùgbọ́n ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Níbi tí owó bá wà, ibẹ̀ ni ojú gbọ́dọ̀ wà.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ ìjọba fún. Àkọ́kọ́, kí wọ́n má san owó tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí díẹ̀ kù títí ọmọ yóò fi lè dá iṣẹ́ ṣe. Èkejì, kí alábẹ̀wò wọ ọkọ̀ ojú omi, kí ó dé ibẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, kí ó sì ní kí ọmọ kan tú ẹ́ńjìnnì, kí ó tún un tò. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n lẹ orúkọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí mọ́ ọjà àti èbúté Igbókòdá, kí a sì máa kà á lórí rédíò.

Ẹ jọ̀wọ́, kí òfin má sì di ìdènà fún olóòótọ́. Ọ̀gá tó mọṣẹ́, tó ń kọ́ ọmọ mẹ́fà nínú ilé orí òpó lójú omi, kí a má lé e nítorí pé kò ní ilé alájà. Iṣẹ́ ni kí a wò, kì í ṣe ògiri.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n pé: Ta ló fọwọ́ sí ìwé-ẹ̀rí yín? Níbo ni irinṣẹ́ wà, kí n fojú rí i? Níbo ni àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ níbí ti ń ṣiṣẹ́? Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ bá òbí yín rántí ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹnì kan bá ti bi wọ́n lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, bàbá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ì bá má wa àjẹ̀ lónìí.