Bí Ìbọ̀wọ́ Kò Bá Tó, Ẹ̀kọ́ Gbọ́dọ̀ Tó

(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ bá ìpàdé ẹ̀ka wa sọ)



Ẹnì kan lè bi wá pé kí ló kan awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Ta ló ń wa ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn? Ta ló ń fọ aṣọ ibùsùn wọn, tó ń da ìdọ̀tí wọ́ọ̀dù nù? Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni.

Ẹ jẹ́ ká rántí Ebola. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje, 2014, ọkùnrin kan gbé e láti Liberia wọ Èkó. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú. Kí àyẹ̀wò tó fi àrùn náà hàn, ó ti ran àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Ènìyàn 20 ló mú ní Nàìjíríà, 8 kú nínú wọn. Dókítà Ameyo Adadevoh, tó kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn náà jáde, wà lára àwọn tó kú. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìbòmú mílíọ̀nù 89 àti ìbọ̀wọ́ mílíọ̀nù 76 ni ayé nílò lóṣooṣù láti fi kojú rẹ̀. Ọjà kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, àwọn dókítà kan daṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Àìtó ohun èlò ìdáàbòbò wà lára ohun tí wọ́n ń bínú sí.

Àwọn ọ̀gá kan máa ń wí pé èyí tó wà kò tó lò, ká má fi kọ́ ẹnikẹ́ni. A kò gbà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò ni yóò fà á ya, tí yóò sì tún gbé àrùn lọ bá ọmọ rẹ̀ nílé.

Bíbọ́ léwu ju wíwọ̀ lọ. Ìbọ̀wọ́ ni ká kọ́kọ́ bọ́, ká yí inú rẹ̀ síta, ká fọ ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni awò ojú àti aṣọ. Ìbòmú ló kẹ́yìn: okùn rẹ̀ ni ká dì mú, ká má fọwọ́ kan iwájú rẹ̀. Ká tún ọwọ́ fọ̀. Kí ẹnì kejì dúró tì í, kó máa pè é fún un, bí kọ́ńdọ́kítọ̀ ṣe ń wo ẹ̀yìn fún dírẹ́fà.

Ẹ̀kọ́ yìí kò gba ohun èlò tuntun. Kí wọ́n kó èyí tí ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀ jọ fún ìkọ́ṣẹ́ nìkan, kó má dé wọ́ọ̀dù. Kí wọ́n fi epo pupa ra ìbọ̀wọ́. Ẹni tí epo bá kàn lọ́rùn ọwọ́ tàbí lójú nígbà tó ń bọ́ ọ ti rí ibi tí àrùn ìbá gbà wọlé.

Ohun tí a ń bèèrè nìyí. Kí awakọ̀, agbálẹ̀ àti alágbàfọ̀ gba ẹ̀kọ́ kan náà pẹ̀lú dókítà, lákòókò iṣẹ́, láìgé owó wọn. Kí wọ́n lẹ iye ohun èlò tó kù ní sítọ́ọ̀ mọ́ ògiri, kí gbogbo òṣìṣẹ́ lè rí i. Kí agbanisíṣẹ́ má sì fi ẹ̀kọ́ ṣe àwáwí: a kì í fi ìmọ̀ bọ ọwọ́. Ìbọ̀wọ́ ni kó rà.

Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ eèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ẹ má rán òṣìṣẹ́ lọ bá ikú lọ́wọ́ òfo.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa!